Òbìrìkìtì Kékeré

Lórí tábìlì ìdáná ni Verlyn ti yà á,
pẹ́ńsùlù kan, rúlà ọmọ ilé-ìwé:
òpó mẹ́rin, òrùlé kan, ẹ̀yìnkùlé ní Duluth.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà, bírò pupa káàkiri.
Ìpìlẹ̀ ò jìn: ilẹ̀ yóò dì, yóò yọ òpó bí ehín.
Igi àjà tínrín; kí ni yóò ru yìnyín oṣù kejì?
Ó tún un yà.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, akọ̀wé na ìka:
“Òbìrìkìtì kékeré yìí ńkọ́?”
“Àga Ardis ni.
Ibẹ̀ ni yóò ti máa wo adágún
bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbé e débẹ̀ mọ́.”

“Òfin ò sọ nǹkan kan nípa àga.”
Ó gbé òǹtẹ̀. Gbàà!

Verlyn gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí káúńtà.