Gìtá Tó Dípò Owó Ilé

Oṣù mẹ́ta ni Ọláòṣebìkan jẹ mí lówó ilé
kó tó kó ẹrù rẹ̀ lóru, tó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà.
Mo ṣí yàrá kẹrin nílé mi ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n:
ìgò omi òfìfo, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá,
gìtá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri
bí àlejò tí ẹnìkan ò tíì fún ní àga.

Mo ní n ó tà á. Ẹni tó wò ó ní Sábó
dá ẹgbẹ̀rún méje náírà lé e, ó tún ń rẹ́rìn-ín.
Mo gbé gìtá mi padà wálé.
Àní gìtá mi.

Mo ti pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì.
Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò títí ṣọ́ọ̀kì fi wọ̀ mí ní èékánná,
ó pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti kọ́ mi ní nǹkan.
Akínkúnmi, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa ní Òkè-Lérin,
wá lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ máńgòrò mi méje,
ó fi kọ́ọ̀dù méjì hàn mí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di Ìlọrin.
"Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, Mà. Bó bá ti ń dùn yín, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Okùn mẹ́fà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ló ń gé ni jù,
bí ọmọ ẹlẹ́nu mímú láàárín àgbà.
Ìka ìfábẹ̀lá gbọ́, ti àárín gbọ́,
ìka òrùka ń lọ́ra bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun,
ọmọńdinrín ò tilẹ̀ mọ̀ pé a pe òun sípàdé.
Ó dùn mí, kò dún.
Mo tún un tẹ̀: ó dún,
kò dùn.

Ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ló wà láàárín kọ́ọ̀dù kìíní àti ìkejì;
orin á ti lọ tán kí n tó débẹ̀.

Ọyẹ́ la ètè, ó la orí ìka. Mo fi òrí ra á.
Wọ́n mú iná lọ, mi ò dìde.
Nínú òkùnkùn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀nà:
ìka rí ohun tí ojú ń wá kiri.
Bàbá Ògúnwùmí tó ń ta kaṣú lódìkejì kígbe,
"Ìyá Tíṣà, ta ní ń fọ́ páànù níbẹ̀ yẹn?"
Nígbà tó di oṣù kejì, kò bèèrè mọ́.
Bóyá ó ti mọ́ ọn lára, bóyá etí ló di.
Mo kà á sí ìyìn.

Òjò àkọ́rọ̀ ló gbé Ọláòṣebìkan padà dé,
owó nínú àpò ìwé, ìdọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.
Mo ní kó dìde, kó jókòó, kó gbọ́ mi ná.
Mo ta ẹsẹ orin kan láìdúró.
Ó ń wo ilẹ̀. "Mà, okùn kẹta yín ti rẹlẹ̀."
Ó fi ọwọ́ méjì yí nǹkan kékeré lórí rẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́.
Háà.
Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń yanjú ìṣirò
tí wọ́n kọ ìbéèrè rẹ̀ ṣì.

Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pé.
Mo gbé gìtá rẹ̀ fún un.
Àní gìtá rẹ̀.

Lálẹ́, mo mú iṣu nínú ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀,
ọwọ́ òsì ò mọ̀ pé ó gbóná.
Mo wo orí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: wọ́n ti yi,
wọ́n ń dán bí ẹ̀yìn kaṣú.
Mo tẹ kọ́ọ̀dù kìíní sí etí tábìlì.
Ohùn kan kọjá títì wá:
"Ìyá Tíṣà, ṣé kò sí o?
A ò gbúròó yín lónìí."