Okùn

Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ra okùn,
okùn pupa, ó nípọn, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ.
Mo ní bí okùn bá ti wà, àgbò á tọ̀ ọ́ wá.
Owó oṣù kan kò wọlé. Èkejì kò wọlé.
Ọ̀gá wa ní ká ṣe sùúrù,
sùúrù kì í sì í ké bèé lẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Áráfà, mo wọ mọ́tò láti Kàdúná,
okùn wà nínú báàgì, láàárín ṣòkòtò méjì.
Mo sọ̀ ní Ọba-Ilé, mo ní kí ilẹ̀ ṣú ná
kí n tó yọ́ wọ Òkè-Àrò.
Ẹni tí kò fa nǹkan kan lọ́wọ́,
òkùnkùn laṣọ rẹ̀.

Àmọ́ ta ní í yọ́ wọlé lálẹ́ Iléyá?
Àlímótù rí mi láti ojú fèrèsé,
ó pariwo orúkọ mi bí ẹni pé màlúù ni mo fà dé.
Àwọn ọmọ já báàgì gbà.
Okùn bọ́ sílẹ̀.

Ilé pa rọ́rọ́.
Ṣèfíù, tó ra àgbò oníwo ní ọjà Ṣàṣà,
wo okùn, ó wò mí, ó yíjú sí ògiri.
Màmá ò gbójú kúrò lára àlùbọ́sà tó ń gé:
"Iléyá la pè é.
Ta ló gbọ́ ọ rí kí wọ́n pè é ní Àgbòyá?
Lọ ṣan ẹsẹ̀ rẹ."

A ti Yídì dé, wọ́n gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́:
ìhà fún Làdáànì tí ojú ń dùn,
apá fún opó Bùráímọ̀, kí n má sọ ẹni tó rán mi,
itan gbọọrọ fún Ìyá Olúwaṣeun, ará Áńgílíkà,
tí kọ́kọ́rọ́ ilé wa ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀
látọdún dé ọdún.
Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú abọ́, ó ní a kì í dá a padà lófìfo.
"Àgbò yìí sanra o. Ṣé tìẹ ni?"
Mo ní, "Ti ilé wa ni, mà."
Kò ta mí lẹ́nu.

Kí n tó dé, wọ́n ti so okùn mi mọ́ ẹ̀ka máńgòrò,
ọmọ méje ń du jangirọ́fà,
ọ̀rá ẹran ń dán létè wọn.
Ṣèfíù ló ń tì wọ́n. "Ta ló kàn?"
Màmá nu ọwọ́ mọ́ ìró,
ó ní òun ni.