Ìdí Orin

Ní Ìṣọ̀kùn, n'Íléṣà, yàrá mi kò ju ẹní méjì lọ:
kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀,
sípíkà méjì lórí páálí bisikíìtì,
dírọ́ọ̀mù omi Ìyá Àgbà ní kọ̀rọ̀,
nítorí omi ẹ̀rọ kì í ránṣẹ́ kó tó lọ.

Orin mi kún jù.
Béèsì àti kíìkì há mọ́ra wọn
bí ọkùnrin méjì tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé.
Mo fi béèsì kún béèsì.
Ìyá Àgbà kan ògiri:
"Oríyọmí, ta ló di màlúù nímú níbẹ̀?"

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi.
Bí onígbèsè bá sá wọlé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
òjò ì báà máa rọ̀.
Èmi náà lóṣòó níwájú sípíkà.
Mo ṣí íkíù, mo gbé ojú kan sókè lórí ìlà,
mo ń wọ́ ọ lọ
bí ẹni ń fọwọ́ wá ibi tó ń dun ọmọ.
Igba hẹ́ẹ̀sì, ó kérora díẹ̀.
Àádóje, ó bú!
Ibẹ̀ ni mo gé. Mo gbẹ́ ẹ jìn bí kànga.
Ohun tó wà lábẹ́ ọgbọ̀n, tí etí ò gbọ́,
tó kàn ń jẹ agbára sípíkà lásán, mo lé e.
Mo fi ọgọ́ta sílẹ̀ fún kíìkì.
Mo sùn bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún.

Lówùúrọ̀, Mofólúwawò onígbàjámọ̀ l'Ókèèṣà
fi orin náà sórí sípíkà rẹ̀ ńlá.
Ọmọńlé orin, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn.
Kílípà ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ó dáa. Ìdí ẹ̀ ńkọ́?"
Ọmọ tó ń gẹrun lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo tún un lù, mo gbọ́wọ́ lé dírọ́ọ̀mù.
Ó ń gbọ̀n. Omi inú rẹ̀ ń ya òrùka,
ọmọrí rẹ̀ ń kọ àádóje
láti ọjọ́ yìí wá.
Ẹni tí mo gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló jẹ mí.

Mo wọ́ dírọ́ọ̀mù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.
Mo dá owó olówó padà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀;
ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́,
kò kàn pọ̀ tó bí mo ṣe fẹ̀sùn kàn án.

Ìyá Àgbà kan ògiri. Mo dọwọ́ dúró.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó tún kàn án, ó tún kàn án,
sórí kíìkì gan-an.