Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Edelmira

Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wa,
wọ́n ní ká máa kọ́ ọmọ láti inú ẹ̀rọ.
Èmi tí mo ti fi ẹfun kọ̀wé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
tí eruku rẹ̀ ti di ìpara ọwọ́ mi,
mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò bu omi fún.

Ní erékùṣù Chiloé, òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó ń lu páànù, nẹ́tíwọọ̀kì ń lọ, nẹ́tíwọọ̀kì ń bọ̀,
ojú àwọn ọmọ dúró gbagidi bí fọ́tò inú férémù.
Mo ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. N kò mọ̀ pé mo ti pa ohùn ara mi.
Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi ṣàlàyé òkun fún ara mi.

Edelmira Barría ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.
Kò tilẹ̀ kí mi.
"Nibaldo, ẹnu rẹ ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan.
Tẹ àmì máíkì tó wà nísàlẹ̀. Rárá o, èyí tó pupa."
Òun ló ń tọ́jú yàrá ìkàwé wa,
obìnrin kúkúrú tó fi òwú irun àgùntàn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.
Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ní ká dákẹ́ lọ.
Mo jẹ̀bi.

"Kí lo fẹ́ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"
Mo ní àbùùbùtán,
mo ní ọwọ́ mi ò wọ akèrègbè yẹn.
Ní òwúrọ̀, ó dá nìkan wọ yàrá ìkàwé,
èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín láàárín àwọn pẹpẹ,
ó ya ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ní fọ́tò, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ ní igun gbogbo wọn.
Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń wá àtàǹpàkò kí wọ́n tó wá ẹja.

Yobana tó ń kọ́ ìṣirò ń sunkún ní kíṣìnnì,
ọmọ méjì ń ja fóònù kan mọ́ ọn lọ́wọ́.
Edelmira bá a jókòó lórí ìlà títí àkùkọ fi kọ,
ó wá fídíò tí kì í gbé dátà mì,
ó gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.
À ń bù lára rẹ̀, kò tán.
Bóyá ó tán. A ò bi í.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò rí Anahís,
ọmọ erékùṣù Quenac, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kì í dé.
Edelmira fi ọ̀rá ìyẹ̀fun wé ìwé mẹ́rin,
ó dì í, ó tún un dì,
ó gbé e fún Heriberto atukọ̀
láàárín sílíńdà gáàsì àti àpò pòtétò.
Ó kọ ọ́ sórí bébà: "Máa lò ó títí òjò yóò fi dá."
Ní Chiloé, ìyẹn ni pé: má dá a padà mọ́.

Ó dá a padà. Ìwé náà ń rùn èéfín igi,
ìpẹ́ ẹja kan lẹ̀ mọ́ ojú ìwé kẹsàn-án,
ó ya àbùùbùtán sórí bébà,
ó ya àtàǹpàkò sí igun rẹ̀.
Edelmira gbóòórùn ìwé náà. Kò nù ún.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lẹ orúkọ àwa tí a kọ́ ọmọ nígbà òfò náà,
orúkọ olùkọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.
Mo fa bírò yọ, mo kọ tirẹ̀ sí òkè tèmi.
Ó wò ó, ó tún un wò,
ó gba bírò lọ́wọ́ mi:
"Nibaldo, o gbàgbé àmì orí í."