Arọ́pò-Orúkọ, Ẹni Kejì, Ẹyọ

Ní Ìkéré, lẹ́yìn ìsìnkú,
tí wọ́n ti kó àga onírọ́bà padà fún ẹni tó ni ín,
mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí mo fi kọ́ni lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ikán ti jẹ ẹ́ láti A dé F.
Kò tíì kan T.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá: dáù.
Ó ti pẹ́ láyé ju Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lọ.
Àwọn tó kọ́kọ́ pè é ń da màlúù létí òkun tútù,
wọn ò mọ ìwé, wọn ò mọ tísà.
Àbúrò rẹ̀ wà ní Jámánì dòní, dù ni wọ́n ń pè é,
ara rẹ̀ le koko.

Gírámà rẹ̀ ò ta kókó:
dáù ni tó bá ń ṣe nǹkan, dìí ni tí wọ́n bá ṣe nǹkan sí i,
ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e a sì máa wọ́ ẹ́sìtì nílẹ̀
bí ewúrẹ́ tó já tòun ti okùn.
Ẹnì kan ni. Ẹni tó wà níwájú rẹ.

Ọ̀wọ̀ ló pa á.
Wọ́n pe ọba ní ọ̀pọ̀, wọ́n pe ìjòyè ní ọ̀pọ̀,
wọ́n pe oníṣòwò, ó kan ọmọ ọwọ́, ó kan ajá.
Kò ṣẹ́ ku ẹni tó jẹ́ ẹyọ àfi Ọlọ́run nínú àdúrà.

Ní ulé tiwa, lábẹ́ àpáta Òròlé,
Oyèwá ẹ̀gbọ́n mi ò mọ "ẹ" kankan.
Ó pe bàbá wa ní ìwọ, ó pe àlùfáà ní ìwọ.
Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ti Ìbàdàn dé,
tó kúnlẹ̀, tó ní "Ẹ kú ilé, mà,"
Oyèwá bojú wẹ̀yìn:
"Àwọn wo lo ń kí?"

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín.
Láti ìgbà náà, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ jókòó, sà. Ẹ rọra.
Àwọn ọmọ mi ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo kọ́ wọn.
Ṣùgbọ́n mo ti di ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá kan,
abọ́ kan, ṣíbí kan.

Lóru àná mo kúnlẹ̀, mo ní "Ìwọ,"
mi ò sì rántí ohun tó kù.
Mo kàn dúró síbẹ̀, orúnkún ń dùn mí,
bóyá Òun náà á pè mí bẹ́ẹ̀,
bóyá á ní:
Fálùadé, o ti jẹun?