Ọ̀wẹ̀ Òru

Fèrèsé Vizma ni mo máa ń wò bí mo bá ń lọ sílé búrẹ́dì,
aago mẹ́ta òru, ní Kuldīga, yìnyín mu wá dé orúnkún.
Iná búlúù kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀
bí ojú ẹni tí oorun kọ̀.

Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́fà ló ń ṣe:
ẹṣin ìyá àgbà rẹ̀, tó rì sódò Venta
lọ́dún tí yìnyín là lójijì.
Ó yà á, ó tún un yà, ó kọ́ ọ ní ìrìn,
ó kọ́ ọ bí a ti í gbọn omi kúrò létí.
Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kọ́.
Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jókòó
kó ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé irun kọ̀ọ̀kan,
ibi tí òjìji sá sí, ibi tí omi ti ń dán.
Ogójì ìṣẹ́jú fún àwòrán kan,
àwòrán mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Mo bá a ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun:
oṣù mẹ́jọ, láìsinmi, bí iná ò bá lọ.

“Kó tó parí,” ó ní, “màá ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.”

Ó bá bẹ ayé lọ́wẹ̀.
Kì í ṣe owó ló tọrọ. Òru ni:
ẹ yá mi ní kọ̀ǹpútà yín nígbà tí ẹ ò bá lò ó.

Hemi gbà ní Whangārei, níbi tí òru wa ti jẹ́ ọ̀sán wọn;
ó lọ pẹja, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ro omi odò wa nílé.
Rosalba gbà ní Oruro:
kọ̀ǹpútà tó fi ń wo eyín aláìsàn lọ́sàn-án
ní ń wo eyín ẹṣin lóru.
Ọmọ ilé-ìwé kan ní Incheon, kò sọ orúkọ,
ó ṣe igba àwòrán, ó lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.
Àwọn tí kò ní jọ jẹun láéláé
ni wọ́n tò sóko kan ṣoṣo,
kálukú lórí ebè tirẹ̀,
kò sẹ́ni tó rí ìpẹ̀kun oko.

Àti Ēvalds, ìsàlẹ̀ ilé wọn níbẹ̀,
òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì.
Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ń hó bí kẹ́túlù.
Vizma fẹ́ sọ pé kó fi sílẹ̀,
bàbá ti ki wáyà bọ ògiri.
Ológbò rẹ̀ ń yáná lórí ẹ̀rọ náà.
Òru mẹ́wàá, ẹ̀rọ gbóná, ó kú, iṣẹ́ ṣòfò.
Òru kọkànlá, àwòrán kan jáde:
ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́fà.
Ó kọ nọ́ńbà náà sára kàlẹ́ńdà,
ó fi yí ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ká.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, iṣẹ́ parí.
A ta aṣọ ibùsùn funfun mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì mi.
Nínú fíìmù, ẹṣin náà kò rì.
Ó ń bọ̀, omi ń já lára rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ koríko,
Ēvalds di ọwọ́ àga mú,
ó ṣẹ́jú.
Àwòrán rẹ̀ ti kọjá.

“Ẹ padà sẹ́yìn.” A padà. Ó tún ṣẹ́jú.
Nígbà kẹrin, Vizma dá a dúró:
pátákò kan, koríko, ìkán omi,
àti àmì funfun kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀,
àṣìṣe ẹ̀rọ,
bí tanná-tanná tó ṣìnà wọnú ọ̀sán.
Vizma ní òun á pa á rẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Bàbá ò fèsì. Ó dìde, ó lọ bá aṣọ náà,
ó fi ìka kan bo àmì yẹn;
ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sórí èékánná rẹ̀.
Ó gbé ìka kúrò. Ó tún fi bò ó.

Búrẹ́dì ń jóná lẹ́yìn wa.
Mo gbóòórùn rẹ̀. N kò dìde.