Ìdámẹ́wàá Oòrùn

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo bọ́ níbi iṣẹ́ òru,
ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà,
òórùn ọṣẹ ọsibítù ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Bọ́ọ̀sì ò dé. Mo bá gba inú igbó kọjá,
igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ní Ṣẹ́fíìdì.

Oṣù Karùn-ún ni. Oòrùn ilẹ̀ yìí, ojo paraku,
tó máa ń yọjú bí àlejò tí wọn ò pè,
ó na gbogbo ọwọ́ rẹ̀ sórí igi óòkù kan láàárọ̀ yìí.
Ewé igi náà rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.
Ó mu ìmọ́lẹ̀, ó mu omi, ó mu èémí tí mo mí síta,
ó sè é láìdáná.

Morádékẹ́ ọmọ mi ya àwòrán rẹ̀ lálẹ́ àná fún tíṣà:
ọfà láti ara oòrùn lọ sára ewé,
láti ara ewé lọ sára kòkòrò,
láti ara kòkòrò lọ sára ẹyẹ, títí dé ọ̀dọ̀ àwòdì.
Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló yẹ kí ọfà bá?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ibi tí agbára ń lọ ni ọfà ń kọjú sí.
Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dé o.
Nínú mẹ́wàá, bí ẹyọ kan."

Ẹyọ kan!
Mo jókòó sórí igi tó ti ṣubú, mo ń rò ó.
Àwọn kòkòrò ajewé tó wà lókè yìí,
tí ìgbẹ́ wọn ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí kóòtù mi,
wọ́n ń jẹun tàárọ̀ talẹ́.
Wọ́n fi rìn, wọ́n fi mí, wọ́n fi bọ́ awọ,
ooru kó ìyókù lọ, kò sì ní padà wálé.
Ìdámẹ́wàá ni ẹyẹ kékeré olórí aró yẹn bá lára wọn,
òun tí ọmọ mẹ́sàn-án ń lanu dè nínú ihò igi.
Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀.
Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Inú dígí ni mo ti máa ń rí i.

Owó mi kò tíì wọlé tí ìjọba ti bu tiẹ̀,
onílé bu tiẹ̀, gáàsì, iná,
bọ́ọ̀sì tí kì í dé bu tiẹ̀,
ẹni tó ń bá mi fi ránṣẹ́ náà bu tiẹ̀.
Èyí tó kan Bàbá ní Ìlá, kò tó owó oògùn,
síbẹ̀ wọ́n á ní, "Ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ́nù."
Ṣẹ́fíìdì kì í ṣe Lọ́ńdọ́nù. Ta ni yóò gbọ́?

Fìrì!
Mi ò rí àwòdì títí ó fi kọjá.
Ìyẹ́ mẹ́ta ló kù nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aró.
Dẹ́rẹ́ẹ̀kì, bàbá tó ń mú ajá rìn, ti sọ fún mi rí
pé ẹyọ kan péré ló wà nínú igbó yìí.
Mo rò pé ìwà ọ̀dájú ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀.
Àṣé oúnjẹ ni kò tó.
Odidi igbó, ewé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà,
àwòdì kan ni gbogbo rẹ̀ lè bọ́.

Lábẹ́ ìdí mi, olú ti hù lára igi jíjẹrà,
ekòló ń dá erùpẹ̀ padà fún erùpẹ̀.
Ooru nìkan ni wọn ò rí dá padà.
Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi gbọ́dọ̀ tún yọ lọ́la,
ojo tàbí akin.

Mo délé. Morádékẹ́ ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan.
Mo din ẹyin méjì fún un,
mo jẹ èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù,
mo dì mọ́ ọn kó tó jáde.
"Màámi, ara yín gbóná."
Mo ní, "Mẹ́sàn-án tó kù nìyẹn."